Ojú Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á. Ẹni tí kò bá gbà á, kó má wulẹ̀ sọ fún mi, torí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ tó. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀, oòrùn wà lókè, mi ò mutí, mi ò sùn. Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé ìwé, n kì í ṣe alákọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí, mo sì mọ ohun tí mi ò rí mọ́.

Ilé ìwé ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá kú, èmi. Bí páìpù bá ń jò, èmi. Ilẹ̀kùn tí kò bá pa dé, èmi náà ni. Bàbá Oníná ni wọ́n ń pè mí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ iná. Rédíò tó bàjẹ́ ni mo ń tú wò láti kékeré, iná sì gbé mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọmọ mi wà nílé ìwé yẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ti kú kí ọmọ náà tó gbọ́njú mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ èmi àti ìyàwó mi ló ń gbé. Pẹ́lẹ́ la ń pè é, torí bó bá fara gbá àga, á ní "pẹ́lẹ́" fún àga. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàà lọ́wọ́ rẹ̀, á ní "pẹ́lẹ́" fún ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi a ní, "Ọjọ́ tí àga bá dá ọ lóhùn, bàbá rẹ ló máa kọ́kọ́ sá."

Ó ń kólòlò. Nílé, kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ní kó dìde kàwé, ọ̀rọ̀ a há sí i lọ́fun. Ó wá wá ibì kan fún ara rẹ̀, lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí mo ń kó ìgbálẹ̀ sí. Lásìkò ìsinmi, á wọ ibẹ̀, á kọjú sí ògiri, á máa kàwé sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí tó fi máa já gaara. Èmi nìkan ló mọ̀. Bí mo bá ń kọjá, màá rọra gbẹ́sẹ̀. Mi ò dá sí i.

Lọ́dún yẹn, àwọn olè kó kọ̀ǹpútà ilé ìwé lọ. Àwọn òbí bínú. Ìjọba ra kámẹ́rà, wọ́n ní kí n gbé e kọ́. Mo gbé e kọ́ sẹ́nu géètì, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kan sí yàrá tí mo ń kó irinṣẹ́ sí, wọ́n ní kí n máa wò ó. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Èmi tí mi ò kàwé, èmi náà di ẹni tó ní ọ́fíìsì.

Ọ̀gá ilé ìwé wá yẹ iṣẹ́ wò. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú.

"Bàbá Oníná, abẹ́ àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"Ìgbálẹ̀ ló wà níbẹ̀, mà."

"Ibi tí ojú wa ò bá tó, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe nǹkan."

Mo lè sọ fún un. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mi ò sọ ọ́. Mo gbé kámẹ́rà kọ́ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èyí tó ń gba ohùn mọ́ àwòrán.

Nígbà tí àwọn òbí ṣèpàdé, ọ̀gá fẹ́ fi hàn wọ́n pé kámẹ́rà náà ríran dáadáa. Ó tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló jáde. Pẹ́lẹ́ nìyẹn, ó kọjú sí ògiri, ó ń lu itan rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè jáde. "I-i-ilé wa wà n-n-ní..." Nígbà tó kà á já, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ẹ̀rín tí àgbàlagbà ń rín sí ọmọdé ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kó gbé omi wá fún àwọn òbí. Kò sunkún. Ó gbé omi náà kalẹ̀, ó jáde.

A jọ ń lọ sílé. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, ojú yẹn ń tì mí."

Ohun tí gbogbo èèyàn máa gbọ́ ni mo gbọ́. Mo ní, "Má jẹ́ kójú tì ọ́. Ìwé lo kà, o ò jalè. Wọ́n fẹ́ràn rẹ ni."

Ó wò mí. "Ó ń tì mí, Bàbá."

"Á lọ."

A rìn délé.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ń wo kíláàsì rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àárín ni àga rẹ̀ wà, ní ìlà kejì. Ibẹ̀ ni mo máa ń fojú wá a sí láràárọ̀. Kò sí níbẹ̀. Ó ti sún sápá òsì díẹ̀. Mo rò pé wọ́n sún àga ni. Mo mú bírò, mo fa ìlà tín-ín-rín sójú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí èjìká rẹ̀ dé. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn bí ògiri bá ń là. Màá fa ìlà sẹ́nu ibi tó là dé, màá padà wá wò ó bóyá ó ti kọjá ìlà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti kọjá ìlà ní ìka méjì. Mo fa òmíràn. Ní Ọjọ́rú, ìka mẹ́rin.

Àwọn ọmọ tó kù ò kúrò lójú kan. Òun nìkan ló ń lọ, tòun ti tábìlì rẹ̀. Ó ti gba ara ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá, bí òjìji ṣe ń gba ara ògiri kọjá. Ọmọ yẹn ò mira.

Mo gbé àkàbà, mo wọ kíláàsì bí ẹni fẹ́ yẹ iná wò. Pẹ́lẹ́ wà láàárín, ní ìlà kejì, níbi tó ń jókòó sí látilẹ̀. Mo wọn kámẹ́rà. Kò yẹ̀.

Tíṣà wọn, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn àwàdà, ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹta tẹ́ ẹ máa wo iná yìí nìyí. Àbí ẹ fẹ́ wá kàwé ni?"

"Tẹ́ ẹ bá fún mi lága."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Pẹ́lẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó di tábìlì mú, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ẹsẹ̀ àga.

Nígbà tí ilé ìwé parí, àwa méjèèjì la ṣẹ́ kù. Ilé ìwé tó ṣófo ní irú ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀. Omi ń kán níbì kan. Iná pupa kékeré ń ṣẹ́jú lára kámẹ́rà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fún un lága, mo jókòó tèmi.

"Ọmọ mi, ṣé ojú ṣì ń tì ọ́?"

"Rárá, Bàbá. Ojú ò tì mí. Ojú yẹn ló ń tì mí."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Ó dìde. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà, ó tì mí. Kò le. Bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú, jẹ́jẹ́, tí kò dáwọ́ dúró. Àga mi há ilẹ̀, ó sún sẹ́yìn.

"Báyìí," ó ní. "Láti àárọ̀. Mo ń fẹsẹ̀ dí i. Ó ti ń rẹ̀ mí."

Mo ní, "Ibo ló ń tì ọ́ lọ?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò tíì débẹ̀."

Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ bá ọ̀gá.

"Mà, mo fẹ́ tú kámẹ́rà kíláàsì yẹn."

"Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Ojú rẹ̀ ń ti ọmọ mi."

Òun náà gbọ́ ohun tí mo gbọ́ níjọ́sí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ojú ń ti gbogbo wa. Ó máa mọ́ ọn lára." Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ó ní, "Àwọn òbí ló fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́rin ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ má fọwọ́ ara yín ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ọ̀la la máa gba ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ tán, ká jọ wò ó."

Ọjọ́ kan péré. Mo gbà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi nílé. Ó ní, "Kó má lọ lọ́la."

"Ìdánwò ìwé kíkà ni wọ́n fẹ́ ṣe."

"Ìdánwò kí ni?"

Èmi ni mo mú un lọ́wọ́ lọ láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Nígbà tí mo tan tẹlifíṣọ̀n, ó ti dé etí àwòrán. Ìdajì ojú rẹ̀ ni mo rí. Tíṣà ń pe àwọn ọmọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti kàwé. Nígbà tó kàn án, ó dìde. Èjìká rẹ̀ jáde kúrò nínú àwòrán. Irun rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kan ló kù, ìka mẹ́rin, ó di etí àwòrán mú bí ẹni di fèrèsé mú. Ìka kan bọ́. Mo rí i. Òmíràn bọ́.

Mo sáré. Mi ò dúró gbé àkàbà. Orí tábìlì tíṣà ni mo gùn, mo gé wáyà náà.

Gbogbo àwọn ọmọ ń wò mí.

"Pẹ́lẹ́ dà?"

Tíṣà nawọ́ sí àárín kíláàsì. "Òun ló ń kàwé—" Kò parí ẹ̀.

Àga náà ṣófo. Ìwé wà lórí tábìlì, ó ṣí sílẹ̀. Mo fọwọ́ kan àga. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní, "Ó kà á já, Bàbá. Kò kólòlò rárá."

Àwọn ọlọ́pàá dé. Wọn ò bi tíṣà ní nǹkan púpọ̀. Kámẹ́rà ni wọ́n fẹ́ wò. A wò ó. Nínú àwòrán ọjọ́ yẹn, Pẹ́lẹ́ ò sí níbẹ̀. Ti àná, kò sí. Ti gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí, àní èyí tí mo ti fojú ara mi rí i. Àga òfìfo ló wà ní ìlà kejì. Lẹ́nu géètì, èmi rèé tí mò ń wọlé láàárọ̀, mo na ọwọ́ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ká ìka mi kò bí ẹni mú ọmọ lọ́wọ́. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé ti abẹ́ àtẹ̀gùn jáde, èyí tí gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín. Ògiri ni. Ìgbálẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ló ń kàwé níbẹ̀, ó ń kólòlò. Nígbà tó yá, a gbọ́ àtẹ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Tíṣà gbé rẹ́jísítà kalẹ̀. Ọjọ́ márààrún ló ti kọ ọ́ pé ọmọ náà wá. Ọ̀gá ọlọ́pàá wò ó, ó pa á dé.

"Èèyàn lè ṣàṣìṣe," ó ní. "Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà ò wá sílé ìwé lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n wá inú igbó, wọ́n wá etí odò. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ torí wáyà tí mo gé. Mi ò bá wọn jà. Wọ́n gbé kámẹ́rà tuntun sójú ibẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi parí, tíṣà wá sílé wa. Kò kọ́kọ́ jókòó.

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, Bàbá. Mi ò lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú rẹ́jísítà. Mo ṣì ń pè é."

"Ẹ ṣeun."

"Ó ń dáhùn."

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ohùn ta ni?"

"Ohùn rẹ̀ ni, mà. 'Mo wà, mà,' bó ṣe máa ń sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo gbójú sókè wò ó, ohùn náà gé láàárín ọ̀rọ̀. Mi ò gbójú sókè mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, èmi àti ìyàwó mi ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Abẹ́ fèrèsé kíláàsì náà la ń jókòó sí, níta, a kẹ̀yìn sí ògiri. A kì í yọjú wo inú. Ọ̀gá rí wa, kò lé wa. Ó gbé àga méjì jáde fún wa lọ́jọ́ kan, ó wọlé padà. Tíṣà á máa pe àwọn ọmọ. Bó bá ku ẹnì kan kó kan Pẹ́lẹ́, ìyàwó mi á di ọwọ́ mi mú. Ó máa ń dùn mí, bó ṣe ń fún un.

Níbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá ti pè é ló ń dáhùn. Nígbà tó yá, ó wá ń pẹ́. Lánàá, tíṣà pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn, ohùn náà sì jìnnà, bíi ti ẹni tó wà lódìkejì pápá. Lónìí, ó ti pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn ọmọ dákẹ́, tíṣà dákẹ́. Ìyàwó mi ò tíì tú ọwọ́ mi sílẹ̀.