Ìwé Ṣẹ́ẹ̀sì Tó Ya sí Méjì

Àtẹ́lẹwọ́ lásán ni ọkùnrin náà fi gbé àkàrà gbígbóná. Zouleyhath ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e sínú bébà fún un ni, ọkùnrin náà tú u, ó da àkàrà sọ́wọ́ òsì, iná ń jó o, ó ń tiro, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún nu òróró kúrò lára bébà bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun.

Zouleyhath rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àkàrà lẹ rà àbí bébà?"

"Bébà ni," ni ó dáhùn. "Àkàrà ni èènì."

Chafic ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti ń wá sídìí agbada ìyá Zouleyhath ní àdúgbò Houinmè. Ìwé Faransé àtijọ́ kan ni ìyá náà ń ya wé àkàrà, ìwé tó ń kọ́ni ní ṣẹ́ẹ̀sì, eré ọba méjì tó ń bára wọn jà lórí pátákó. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ eré ló wà nínú gbogbo ojú ewé tí Chafic rí kó jọ. Èyí tó sọnù, ó ń wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán.

Kò mọ̀ pé Zouleyhath ló fi apá ẹ̀yìn ìwé náà pamọ́, pé ó sì ti ka bí a ṣe ń parí eré ní àkàtúnkà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì jókòó ti pátákó ṣẹ́ẹ̀sì Chafic lábẹ́ igi máńgòrò. Chafic bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀gágun. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọba àti ọmọ ogun díẹ̀, ó fi ọba tirẹ̀ pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Zouleyhath rin tirẹ̀ wá sáàárín pátákó, ó sì borí.

"Níparí eré, ọba kì í jókòó sílé," ó wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn."

Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Abẹ̀rẹ̀-má-parí ni Zouleyhath ń pè é, Chafic náà ń pè é ní Aláṣepé mi.

Àwàdà yìí ló wá di òótọ́. Nígbà tí Chafic sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìyá béèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá Moumouni ní Akpro-Missérété, pé ó ku oṣù mẹ́ta kí òun gba dìpílómù, ni òun fìbínú kúrò.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Lọ parí iṣẹ́ rẹ ná."

Chafic rán àbúrò bàbá rẹ̀ lọ bẹ ọ̀gá. Ọ̀gá kọ̀. Ó rán ìmáàmù àdúgbò, ọ̀gá tún kọ̀. Ẹ̀rù ba Zouleyhath. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé òórùn àkàrà lásán ti ń mú ọkàn rẹ̀ lù kìkìkì. Ó mú ọba orí pátákó, ó fi í sí Chafic lọ́wọ́.

"Ta lo tún fẹ́ rán?"

Chafic wo ọba náà pẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Akpro-Missérété, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìyẹ̀fun pákó. Ọ̀gá Moumouni rẹ́ pákó ọwọ́ rẹ̀ tán ná.

"Ìwọ fúnra rẹ lo wá lónìí," ó wí. "Dìde. Mú ayùn."

Oṣù mẹ́ta pé. Chafic kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá, dìpílómù lọ́wọ́, pẹ̀lú pátákó ṣẹ́ẹ̀sì tuntun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì. Ni ìyá bá ní kí wọ́n kó bébà olóròóró àti apá ẹ̀yìn ìwé wá, ó fa abẹ́rẹ́ àti òwú yọ, ó rán méjèèjì pọ̀ níṣojú gbogbo ẹbí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti mọ ibi tí ọmọ òun fi ìwé pamọ́ sí.

Chafic to ọmọ ogun sórí pátákó. "Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?"

"Ìwọ ni," ni Zouleyhath wí. "Ṣùgbọ́n a jọ máa parí ẹ̀ ni."