Ẹ̀rọ Àyà Àlàájà Àtọ́kẹ́

Mo fi Ọlọ́run búra, òótọ́ ni ìtàn yìí. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ó dáa, gbogbo rẹ̀ àfi ibì kan. Ẹ má tí ì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ tán.

Àlàájà Àtọ́kẹ́ kú ní Bẹyẹrúnkà láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì, wọ́n ti sin ín síwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Òjò ṣú. Àwọn ààfáà lọ. Ilé dá wáí. Afeez, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jókòó sí pálọ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ni fóònù bá dún lápò rẹ̀.

Pí. Pí. Pí.

Ó mọ ohùn yẹn. Ẹ̀rọ kan ló ti wà láyà màmá rẹ̀ látìgbà tí àìsàn ọkàn ti bẹ̀rẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ bíi báńdéèjì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Olúdayọ̀, ẹńjiníà tó ṣe é, ló fún wọn. Bí ọkàn màmá bá ti lù, ẹ̀rọ á ránṣẹ́ sí fóònù Afeez láìsí wáyà. Àmọ́ agbára rẹ̀ kéré. Téèyàn bá ti jáde sí títì, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Sàréè ò sì jìnnà sí pálọ̀.

Pí. Pí.

Afeez pe Olúdayọ̀.

"Ẹńjiníà, ẹ̀rọ yẹn ń dún."

"Ẹ kú aṣẹ̀yìndè, sà. Kò lè dún. Kó má baà jẹ bátìrì, tí kò bá ti gbọ́ ọkàn tó ń lù, sísùn ló máa ń sùn."

"Kò sùn o."

Olúdayọ̀ wá bi í:

"Ara ta ló wà, sà?"

Afeez ju fóònù sílẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì. Ó ti ń hú yẹ̀pẹ̀ nígbà tí Àǹtí Karimat, àbúrò màmá rẹ̀ tó wẹ òkú náà, sáré jáde.

"Afeez! Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"A sin wọ́n láàyè, Àǹtí! Ẹ̀rọ àyà wọn ń dún!"

"Ẹ̀rọ wo? Èmi ni màá fi nǹkan ayé sin ẹ̀gbọ́n mi? Èmi tí mò ń wẹ òkú kí wọ́n tó bí ẹ? Mo ti yọ ọ́ kí n tó bu omi sí wọn lára." Ó já ṣọ́bìrì gbà. "Kó má baà sọnù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wọn."

Ara Afeez wálẹ̀. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lójijì, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu: ògiri ò lọ́kàn.

Wọ́n wọ yàrá. Ògiri alámọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ̀rọ lẹ̀ mọ́ ọn lókè bẹ́ẹ̀dì, iná kékeré ara rẹ̀ ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn. Àǹtí Karimat gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Kíá ló fà á kúrò.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Afeez yọ ẹ̀rọ náà, ó sọ ọ́ sódò Ògùnpa. Fóònù dákẹ́. Ilé tòrò.

Ibi tí mo ti parọ́ nìyẹn.

Kò yọ ọ́. Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á padà. Ó ní bí òun bá yọ ọ́, ta lòun pa yẹn? Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa. Ó yẹ kí bátìrì ti kú tipẹ́.

Ó ṣì ń dún.