Ooru Tí Kì Í Ṣe Ti Ààrò

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó tún jẹ́ ká ríra lójú ìwé yìí.

Ìyá oníbúrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́ nígbà tí ooru tún gbé e. Kò tíì dáná sí ààrò, síbẹ̀ òógùn bò ó. Ó sáré bọ́ síta, ó ń fi páànù búrẹ́dì fẹ́ ara rẹ̀. Kó tó padà, ó ti gbàgbé bóyá òun fi iyọ̀ sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò sì lè rán mi létí!" Ó jágbe mọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ló bá tún bú sẹ́kún.

Inú bí ọmọ náà. Nílé ìwé, ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Rédíò. "Màmá mi ti fẹ́ ya wèrè o. Má sọ fẹ́nì kankan."

"Èmi kẹ̀? Ó ti wọ kànga."

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú rédíò, kó má bínú bó bá gbọ́ ọ níta. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, búrẹ́dì ti ń sùn sórí tábìlì. Oníbàárà kan ló la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀: "Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ má bínú, wọ́n ní orí yín ti dàrú. Ọmọ yín náà ló sọ ọ́."

Ìyá wo ọmọ. Kò lù ú. "Ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ kọ́kọ́ ba aṣọ rẹ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló fi ìborùn rẹ̀ bò ọ́? Ta ni mo sọ ọ́ fún?" Ó mí kanlẹ̀. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

Ọmọ náà sáré bá Rédíò. "O dalẹ̀ mi!"

"Ta ló kọ́kọ́ dalẹ̀ nínú àwa méjèèjì?"

Ọmọ náà yí padà, ó gba ilé lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì, ló pè é jókòó. "Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní họ́mónù. Tìrẹ ń gòkè, òun ló ń yọ irorẹ́ sí ọ lójú. Ti ìyá rẹ ń lọ sílẹ̀, nítorí ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dáwọ́ dúró ti dé; òun ló ń fa ooru, ìgbàgbé àti ẹkún yẹn. Kì í ṣe wèrè. Aṣọ fífúyẹ́, omi tútù, ìrìn díẹ̀ lójúmọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣèrànwọ́. Bó bá le jù, ká lọ rí dókítà. Àmọ́ ta ni yóò dúró tì í?"

Ọmọ náà lọ láti ilé dé ilé, ó ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Àwọn oníbàárà kan padà. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti dé báyìí, ìyá rẹ̀ a wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn tí kò tì mọ́ ọmọ náà rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà rẹ tówẹ̀lì sínú omi tútù, ó kanlẹ̀kùn. "Màmá, ẹ gba tówẹ̀lì."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ọwọ́ kan jáde, ó gbà á. Ilẹ̀kùn tún padé. Ọmọ náà kò kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣírí òbí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ kíláàsì. Ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde, ìrora la fi ń ṣa á. Kí Ẹni tó bò wá láṣírí fi ìjánu sí yín lẹ́nu, kí òbí yín sì rí yín gbẹ́kẹ̀ lé títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Àmín.