Òkúta Pupa Inú Táyà

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, mi ò ní bá a jà, torí èmi náà ì bá má gbà á ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ojú mi ò fọ́. Mi kì í mutí. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń to ẹsẹ̀ mọ́tò kó lè tọ́, tí mò ń jẹ nídìí táyà. Iṣẹ́ tí kì í gba irọ́ ni. Bí ẹsẹ̀ mọ́tò bá wọ́, táyà á sọ. Ẹni tó ni ín lè purọ́, táyà ò mọ irọ́ pa.

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Kọ́nà là ń pè é, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn láyé bíi kó rí kọ́nà níwájú, kó sì wà ní ìdí ìtọ́kọ̀. Bí ọ̀nà bá tọ́ gbọọrọ, oorun máa ń kùn ún. Mọ́tò kan ló ní nígbà náà, ilẹ̀kùn méjì péré, ó rẹlẹ̀ débi pé bí Kọ́nà bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ ó rò pé inú kànga ló ti ń jáde. Èmi ni mo ń to ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi: bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí, àti ibi tó gbọ́dọ̀ kọjú sí, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ àwa ènìyàn ò dọ́gba.

Nígbà tí wọ́n bí ọmọ kejì, àbúrò mi ní òun ò lè máa ká ọmọ méjì bí aṣọ sínú mọ́tò ọlọ́mọge yẹn. Kọ́nà tà á. Ẹni tó rà á gbé e lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó wá ra jíìpù kékeré kan, irú èyí tí àwọn olówó ń gùn báyìí. Àga aláwọ ni. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ariwo ayé á dákẹ́ pátá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ó ní. "Wọ́n ní ó lè ṣe méjèèjì."

"Méjèèjì wo?"

"Kó gba ìdílé, kó tún dùn ún wà."

"Àga pálọ̀ ni wọ́n tà fún ọ," mo ní. "Wọ́n kàn fi táyà sí i lẹ́sẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn ún. Ẹnu mi ò mọ ibi tó yẹ kó dúró, ìyàwó mi máa ń sọ ọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó padà wá. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì.

"Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Mọ́tò yìí ò gbọ́ nǹkan kan. Ó rọ̀, ó dára, àwọn ọmọ ń sùn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí ìtọ́kọ̀, kò dá mi lóhùn. Ó dà bí kí èèyàn máa bọ ẹni tó ti sùn lọ́wọ́."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ bá mi jí i."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìgbéraga sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí n má tan ara mi jẹ. Mo ṣí ìwé mi sí ojú ewé mọ́tò rẹ̀ àtijọ́. Mo mú gbogbo iye tí mo kọ síbẹ̀, mo sì fi to ẹsẹ̀ jíìpù náà. Akẹgbẹ́ mi tó bá gbọ́ èyí á pòṣé. Ẹsẹ̀ màlúù kọ́ ni ẹsẹ̀ ẹṣin. Ó yẹ kí nọ́ọ̀tù le, kó kọ̀, kó dúró síbi tí wọ́n ti ṣe é. Kò kọ̀. Ó ń yí tẹ̀ lé súpánà wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ti ń retí mi. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jáwọ́.

Ní ọjọ́ kejì ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ẹ̀gbọ́n. Ó ti jí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí àbúrò mi tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó fẹsẹ̀ rìn wá. Kò kí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe sí mọ́tò ọkọ mi?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó jókòó. Ó ní bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, níbikíbi tí ọkọ òun bá wà, á jókòó. Ojú rẹ̀ á là sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á gòkè, á máa yí ohun tí ẹnì kankan ò rí. Bí wọ́n pè é, kò ní jẹ́. Ní ọ́fíìsì, wọ́n rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lẹ́yìn náà á mí kanlẹ̀, á jí, òógùn á bò ó, á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Ìdajì wákàtí ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Àná, ó lé ní wákàtí kan àbọ̀. Ó ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Bí kò bá wá padà ńkọ́?"

Mo ní kí Kọ́nà gbé mọ́tò náà wá.

Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo fọwọ́ pa táyà. Etí rẹ̀ lóde ti jẹ tán. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi odidi ọdún kan sáré gba kọ́nà kí táyà tó rí bẹ́ẹ̀, òǹkà tó ń ka máìlì nínú mọ́tò náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Mo tún rí òkúta wẹ́wẹ́ láàárín ojú táyà. Òkúta pupa ni. Dúdú ni ọ̀dà ojú títì wa níhìn-ín, eérú ni àwọ̀ òkúta wa. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí pupa.

"Níbo lo ń wà á lọ?" mo bi í.

"Ibi iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ibi iṣẹ́ àti ilé."

"Táyà ní irọ́ lò ń pa."

Ó wolẹ̀.

"Ọ̀nà kan wà," ó ní. "Orí òkè ni. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Kọ́nà lórí kọ́nà ni, ó sì ń gòkè. Ẹ̀gbọ́n, mi ò wa mọ́tò tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi."

"Níbo ló parí sí?"

"Mi ò tíì dé ibẹ̀."

Mo fi sukudiráfà yọ gbogbo òkúta náà. Mọ́kànlélógójì ni. Mo fọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo nù wọ́n gbẹ. Mo fi ẹ̀rọ gbé mọ́tò náà sókè dé àyà mi, táyà ò kan ilẹ̀ níbì kankan. Mo ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ àpò. Mo ní kí Kọ́nà jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó má kúrò níbẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Aago ara ògiri nìkan ló ń rìn.

Aago méjì lù.

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Òórùn rọ́bà tó ń jóná. Mo gbójú sókè. Táyà ò yí. Mo wò wọ́n dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, mo tún wọn wò: wọn ò yí. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, mo fà á padà kíá. Ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Nígbà náà ni nǹkan já bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, tọ́. Òkúta pupa ni.

Mo yíjú sẹ́yìn. Kọ́nà jókòó, ojú rẹ̀ là. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí sí òsì, díẹ̀díẹ̀. Orí mi wú. Mo sáré jáde lọ dúró sínú oòrùn, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo to ẹsẹ̀ mọ́tò náà padà sí bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń wọn ẹsẹ̀ mọ́tò gbà pé ó ti pé. Mo mu omi, mo tún un wọ̀n. Iye inú ìwé mi ló wà níbẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ya ewé náà nínú ìwé, mo dáná sun ún, mo tún wọ̀n ọ́n. Bákan náà ni.

Mo bá kúkú yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kó wọn sínú yàrá ẹ̀yìn, mo tì í. Mo gbé jíìpù náà kalẹ̀ sórí pákó. Mo wò ó pé a ti rí i ṣe. Àbúrò mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Bí aago ṣe lu méjì, ọwọ́ náà já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gòkè. Òórùn rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

Aago mẹ́ta lù. Mẹ́rin lù. Mo da omi lé e lórí, mo gbá a létí. Aago márùn-ún lù, Kọ́nà ò padà. Ojú rẹ̀ ti funfun. Mo gbé etí sí àyà rẹ̀, mo ń wá èémí rẹ̀ kí n tó rí i. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi. Ó wá sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀ rí láti ibi tó máa ń lọ yẹn.

"Ó ku kọ́nà kan," ó ní.

Àbúrò mi figbe ta. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo jíìpù tí kò lẹ́sẹ̀. Mi ò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe tó fi ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò náà, ó wọlé, ó jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó de bẹ́líìtì. Ó ti ilẹ̀kùn.

Mò ń wò ó láti inú gíláàsì. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Inú mọ́tò náà dákẹ́ jù.

Lórí àga, ọwọ́ Kọ́nà rọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrò nílẹ̀, díẹ̀, díẹ̀ sí i. Ó fa èémí gígùn. Ó jí.

"Ta ló jókòó tì mí?" ó ní.

Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀. Eruku pupa wà ní etí yẹ̀rì rẹ̀. Kò sunkún.

"Ó wà á jẹ́jẹ́," ó ní. "Ó rí mi, ló bá wà á jẹ́jẹ́."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Mo dúpẹ́, mo sunkún bí ọmọdé. Kò tán. Láti ọjọ́ náà, àbúrò mi gbọ́dọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kó jókòó sínú jíìpù yẹn ní aago méjì. Bó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, wọ́n á pè láti ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè. Bó bá ti wọlé tó jókòó, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ á rọ̀. Kọ́nà ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń ṣàwàdà. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ.

Mo pe àwọn tó ń ra àlòkù irin kí wọ́n wá wó o. Àbúrò mi dúró síwájú rẹ̀.

"Bí ẹ bá gbé e lọ," ó ní, "níbo ni màá ti máa jókòó tì í?"

Mo ní kí wọ́n máa lọ.

Ẹ̀rù ló máa ń bà á tẹ́lẹ̀ tó bá ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé ó ti ń kun àtíkè wá. Ó ń ya irun rẹ̀ nínú gíláàsì mọ́tò kó tó wọlé. Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀.

"Ẹ ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rẹwà tó, Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Mo ti rí ilé kan níwájú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀."

"Ilé ta ni?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó wọlé.

Àná ló kó àwọn ọmọ méjèèjì dání. Ó gbé àga ọmọdé méjì lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn," ó ní.

"Fún kí ni?"

"Àyè wà níbẹ̀. Ṣebí ìdí tá a fi rà á nìyẹn."

Mo purọ́. Mo ní mi ò ní nọ́ọ̀tù tó bá a mu. Ó wo ojú mi pẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kò burú. Bí ẹ ò bá rí i tó bá di ọ̀la, màá gbé wọn lé itan."

Mo di àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ mú títí ìyá wọn fi lọ tó sì bọ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n bi mí pé ìgbà wo ló máa kan àwọn.

Lónìí rèé. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo jókòó sínú rẹ̀, mò ń kọ èyí. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, á kó àwọn ọmọ wọlé, mi ò sì lágbára láti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá wọn lójoojúmọ́ ayé. Bí mi ò bá ṣí i, Kọ́nà á gba kọ́nà tó kù yẹn láìní ẹni tó jókòó tì í, èmi ni mo sì bá a jí mọ́tò náà. Ọmọ mélòó ni mo fẹ́ sọ di aláìníbàbá? Mo ti bi ara mi títí, ó ti sú mi.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Wọ́n ti dé. Àbúrò mi ń kanlẹ̀kùn, kò kàn án kíkankíkan, ó ń kàn án bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á ṣí i. Mò ń gbọ́ àwọn ọmọ níta. Wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.