Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ilẹ̀ Mọ́

"Dúró dáadáa, Odilia. Kí ló dé tó o dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Mama Chayo, olórí àwọn obìnrin ìjọ wọn, gbé ọ̀pá ìwọ̀n lé èjìká ọmọbìnrin náà, ó sì bojú jẹ́. Ní ìlú Antigua, bí èjìká bá ṣe ga sí ni wọ́n fi ń to àwọn obìnrin tó máa fi èjìká gbé pẹpẹ onígi tí ère Màríà wà lórí rẹ̀ yí ìlú ká lọ́jọ́ Ẹtì Rere, kí pẹpẹ má baà dà. Èjìká Odilia ga jù báyìí lọ lọ́dún tó kọjá.

"Ṣé ìfẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni?" Mama Chayo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín. Odilia náà rẹ́rìn-ín, ó ní bàtà tóun wọ̀ lọ́dún tó kọjá ló ga. Irọ́ ni. Látìgbà tó ti gbé àpò àgbàdo lọ sílé ẹ̀rọ nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀, tó ń sá fún ìrora. Dókítà ti ṣàlàyé fún un pé ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló yọ síta, tó ń tẹ iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀ òsì. Kò gbọdọ̀ gbé ẹrù. Bí ẹsẹ̀ náà bá kú, tàbí tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ lára mọ́, kó sáré wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Láràárọ̀, Odilia a fi èékánná tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Ṣé o ṣì wà ńbẹ̀? Nígbà mìíràn ọmọ ìka a dáhùn. Nígbà mìíràn, bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀ ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyá rẹ̀.

Nítorí Eswin ni. Eswin, ọmọkùnrin ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin tó ń tẹ̀ lé pẹpẹ. Ó ti sọ fún un pé, "Tó o bá ti wà lábẹ́ igi pẹpẹ yẹn, orin tí mo bá fọn, tìẹ ni." Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ Odilia lọ́kàn bí oyin. Báwo ló ṣe máa sọ fún irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀yìn arúgbó lòun ní?

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, lórí ẹní lẹ́búlẹ́bú igi aláwọ̀ mèremère tí wọ́n tẹ́ sójú títì, ó ki èjìká bọ abẹ́ igi pẹpẹ náà. Iná sáré láti ìbàdí rẹ̀ dé gìgísẹ̀. Ó wa eyín pọ̀. Lójijì, iná náà kú pátápátá. Ó rò pé Màríà ló ṣàánú òun.

Fèrè dákẹ́ lẹ́yìn. Eswin yọ láàárín èéfín tùràrí, bàtà dúdú kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Odilia, bàtà ẹ ti bọ́ sílẹ̀ tipẹ́. O ò mọ̀ ni?"

Ó wolẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta títì. Kò dùn ún rárá.

"Mi ò mọ̀," Odilia dá a lóhùn. "Mi ò mọ̀ ọ́n lára, Eswin. Ibi tí mo fi ń jókòó náà ti kú. Ẹ̀yìn mi ni. Ó ti pẹ́."

Obìnrin mìíràn gba igi lọ́rùn rẹ̀. Eswin àti Mama Chayo fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà ní ká ní wọ́n dúró di ọjọ́ kejì ni, bóyá kò ní lè dá ìtọ̀ dúró mọ́ láyé rẹ̀. Ẹsẹ̀ yóò padà díẹ̀díẹ̀. Bóyá gbogbo rẹ̀ ni yóò padà, kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Mama Chayo ń nu ojú. "Mo rí i pé èjìká ẹ wálẹ̀, ọmọ mi. Yẹ̀yẹ́ ni mo fi ṣe."

"Èmi ni mo purọ́ fún yín, Mama."

Eswin jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó rọra tẹ ọmọ ìka náà. "Ṣó wà ńbẹ̀?"

"Díẹ̀."

"Ṣé nítorí èmi lo ṣe fi pa mọ́? Ta ló sọ fún ẹ pé èjìká ẹ ni mo fẹ́ràn?"

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó wá yé e pé àìsàn téèyàn bá fi pa mọ́ fáwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, ṣe lèèyàn ń fún àìsàn náà láyè láti ṣe bó ṣe wù ú, àti pé ẹni tó bá fẹ́ràn wa lóòótọ́ kò ní retí pé kí ara wa kọ́kọ́ pé. Títí dòní, ó ṣì ń bi ọmọ ìka rẹ̀ léèrè láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ohun yòówù tó bá fi dáhùn, Odilia a pe ìyá rẹ̀, a sì sọ ọ́ síta.