Ọ̀já Onui

Aṣọ funfun tí obìnrin náà wọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí pé kò rí bó ṣe yẹ. Apá ọ̀tún aṣọ ló fi bo ti òsì, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, òkú nìkan là ń wọṣọ fún báyẹn. Mo ní bóyá ìkánjú ló fà á. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Subashiri, lẹ́sẹ̀ òkè Fuji, láàárọ̀ ọjọ́ tí òtútù mú gan-an. Kò bora, kò sì gbọ̀n.

Ìgbà tí ọba ní Kyoto sọ ní Hoei là ń lò. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìṣúra tí kì í tán, ṣùgbọ́n ọdún méje péré ló lò. Láti òru àná ni ilẹ̀ ti ń mì. Jinpachi ọkọ mi ti di èédú lẹ́ṣin lọ sí Numazu. Èmi àti ìyá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, la kù nílé.

"Pọn Ìyá," obìnrin náà sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Má di ẹrù. Ọ̀nà gúúsù ni kó o gbà."

Mo bi í pé ta ni. Ó wọlé tààrà. Ó nawọ́ sẹ́yìn àpótí ọkà, ó fa ọ̀já kan yọ tí n kò rí rí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà. Inú bí mi. Ta ni yóò wọlé onílé, tí yóò sì mọ ibi tí nǹkan wà jù ú lọ? Mo fẹ́ lé e jáde, ni Ìyá bá sọ̀rọ̀ láti inú yàrá.

"Ìyàwó, ṣe bó ṣe wí. Mo mọ ohùn yẹn."

"Ohùn ta ni, Ìyá?"

"Pọ̀n mí ná."

Nígbà tí mo fi ọ̀já náà pọ̀n ọ́n tán, obìnrin náà kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

A ò tíì jìnnà tí òkè Fuji fi bú gbàmù, tí iná ń tú jáde látinú rẹ̀. Ojú ọ̀run ṣú dùdù lọ́sàn-án gangan. Òkúta gbígbóná ń rọ̀ bí yìnyín, òórùn imí-ọjọ́ sì dí mi nímú. Lójijì ni Ìyá fúyẹ́ lẹ́yìn mi, bí ẹni pé ẹnìkan ń bá mi gbé e láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ méjì kàn mí níbàdí, wọ́n tutù bí omi ìsàlẹ̀ kànga.

"Má wẹ̀yìn," Ìyá sọ sí mi létí. "Tó o bá wẹ̀yìn, á lọ."

N kò wẹ̀yìn.

Inú tẹ́ńpìlì kan ní gúúsù ni Jinpachi ti bá wa. Ó ní ilé wa ti jóná, eérú sì ti bo àwókù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà náà ni Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ fèsì ìbéèrè mi.

"Onui ni. Ìyálé rẹ. Ọ̀já tó máa ń fi pọ̀n mí nìyẹn."

Jinpachi wo ọ̀já náà, ó rọra jókòó sílẹ̀. Ibà ló pa Onui kí n tó dé ilé ọkọ. Jinpachi fúnra rẹ̀ ló wọ aṣọ funfun náà fún un.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ọpẹ́ borí rẹ̀. Oyún wà nínú mi lọ́jọ́ náà. Ìyálé mélòó ló máa ń gba ẹ̀mí ìyàwó tó gba ipò rẹ̀ là?

Nígbà tí wọ́n fi yí orúkọ ìgbà padà sí Shotoku, a ti kọ́lé tuntun, ọmọ mi sì ti ń sáré kiri. Láràárọ̀, abọ́ oúnjẹ àkọ́kọ́ di ti Onui. Mo máa ń gbé e síwájú pátákó ìrántí òkú tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, màá ní, "Ìyálé mi, ẹ ṣeun."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí àìsàn ti dá Ìyá gúnlẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ń rán aṣọ. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyàwó, sún díẹ̀. Ìyálé rẹ fẹ́ kọjá."

Mo sún. Atẹ́gùn tútù kan fara kàn mí, ó wọ yàrá lọ.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyálé mi," ni mo wí.

Ìyá na ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ọmọdé tó fẹ́ kí wọ́n pọn òun.