Bẹ́ǹṣì Àwọn Ọlọ́fìnkìn

Láàárín èrò tó há ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ojú èmi àti ti ọmọkùnrin arẹwà kan ṣe mẹ́rin. Ọmọkùnrin náà rọra rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì apá ọ̀tún, ó gbé àbúrò rẹ̀ obìnrin lé ẹsẹ̀.

Èmi náà pọn àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Aláròyé là ń pè é nílé, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Láti àárọ̀ yìí, kò sọ ju "omi" lọ.

"Kí ló ń ṣe é?" nọ́ọ̀sì bi mí. "Ọlọ́fìnkìn, ọ̀tún. Tó bá jọ fúlù, òsì. Dókítà á tètè rí i."

Lẹ́tà màmá mi wà lápò mi. Ẹ̀yìn páálí ọṣẹ ló kọ bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti aago tó bẹ̀rẹ̀ sí, kó tó sáré lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ni kí o fún o!" Ṣé kí n wá yọ páálí ọṣẹ jáde lójú ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ yìí?

"Ọ̀fìnkìn lásán ni, mà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta."

Mo lọ jókòó ti ọmọkùnrin náà. Àbúrò rẹ̀ ń sín, imú rẹ̀ ń ṣàn, síbẹ̀ ó ń fò kiri.

"Láti ìjẹta ló ti ń sín sí mi lára," ọmọkùnrin náà wí. "Tìẹ mà dákẹ́. Ṣé ẹ jà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Ẹ̀yìn mi gbóná bí ẹni pọn ààrò. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

"Àǹtí mi, gbogbo ara ń dùn mí." Aláròyé ń gbọ̀n. Èémí rẹ̀ ń sáré.

Ọmọkùnrin náà fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Lánàá… ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lánàá."

"Kí lẹ wá ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì yìí?"

Mo sáré padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, irọ́ ni mo pa."

Nọ́ọ̀sì wo bí àyà Aláròyé ṣe ń lọ sókè sódò, ó pe dókítà kíákíá. Ó wá yíjú sí mi. "Ọ̀fìnkìn sábà máa ń yọ́ wọlé ni, ọmọ á máa sín, á ṣì máa ṣeré. Fúlù ló máa ń já lu ọmọ lójijì: ara gbígbóná, ara ríro, àárẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó fẹ́ dìde. Tí èémí bá wá ń sáré báyìí, a kì í dúró rárá. Aago mélòó gan-an ló bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì ń wò mí, ọmọkùnrin náà ń wò mí. Ó yé mi wàyí pé kò sí ojú tó rẹwà tó kí n tìtorí rẹ̀ purọ́ nípa àìsàn ọmọ.

Mo yọ páálí ọṣẹ náà. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi fún nọ́ọ̀sì.